Ọkàn Ta Ni Ẹ̀rọ Náà Ń Kà?

Ọkùnrin kan wà tó gba ohun gbogbo gbọ́ bí a bá ti lè wọ̀n ọ́n, tí kò sì gba nǹkan mìíràn gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ilé iṣẹ́ táìlì ló ti ń jẹun. Òun ni olórí àwọn tó ń yẹ táìlì wò kí wọ́n tó dì í sínú páálí. Bí ọ̀kan bá fi ìwọ̀n irun orí nípọn ju èkejì lọ, yóò mú un, yóò fọ́ ọ mọ́ etí àgbá irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò sì nawọ́ mú òmíràn. Nítorí ìyẹn làwọn òṣìṣẹ́ ṣe sọ ọ́ ní Òṣùwọ̀n. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n òun gbà á bí oyè.

"Èèyàn ń purọ́, nọ́ńbà kì í purọ́." Gbólóhùn yìí kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Nígbà kan tí ìyá rẹ̀ ní ara òun gbóná, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ wò ó ná. Ẹ̀rọ ní ara kò gbóná. Ó ní kí màmá dìde, kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni.

Ní ti Ọlọ́run, kò bá A jà. Kò kàn rí ibi tó lè gbé okùn ìwọ̀n lé lára Rẹ̀ ni, nítorí náà ó fi Í sílẹ̀.

Nígbà tó di ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, dókítà ilé iṣẹ́ wọn sọ fún un pé ikùn rẹ̀ ti ń yọ jù, kó máa ṣe eré ìdárayá. Ó ra kẹ̀kẹ́. Oṣù kan kò tíì pé tó tún fi ra ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń dè mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Ẹ̀rọ náà ń sọ bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń sáré tó àti bí ọ̀nà tí a ti rìn ṣe jìn tó. Ṣùgbọ́n èyí tó wù ú jù lọ ni bẹ́líìtì tó bá a wá. Èèyàn á dè é mọ́ àyà lábẹ́ aṣọ, bẹ́líìtì á máa gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù, á sì máa ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ láìsí okùn kankan. Nọ́ńbà á jáde lójú ẹ̀rọ: iye ìgbà tí ọkàn lù ní ìṣẹ́jú kan.

Inú rẹ̀ dùn ju ti ọmọ tí wọ́n ra bàtà tuntun fún lọ. Wọ́n ti wá rí ọkàn wọ̀n báyìí.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Wọ́n jọ lọ sílé ìwé ni. Ọ̀mùtí paraku ni atúnkẹ̀kẹ́ṣe yìí tẹ́lẹ̀ rí, kí Jésù tó fà á jáde nínú ọtí ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Láti ìgbà náà ni kì í ti í jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sinmi.

"Ọ̀rẹ́, ọkàn rẹ ńkọ́?" ni yóò bi í, bó ṣe ń lẹ táyà lọ́wọ́.

"Àádọ́ta nígbà tí mo jí láàárọ̀," ni Òṣùwọ̀n á dáhùn. "Ti eléré ìdárayá ni."

"Ìyẹn kọ́ ni mò ń béèrè."

"Ìyẹn nìkan ni mo ní."

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín atúnkẹ̀kẹ́ṣe kì í pẹ́.

Òṣùwọ̀n ní àbúrò kan ṣoṣo, akunlé ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni àbúrò yìí nígbà tí bàbá wọn kú, Òṣùwọ̀n ló sì tọ́ ọ dàgbà. Ká sọ òótọ́ kójú ó ti Èṣù, ó fẹ́ràn rẹ̀. Àbúrò náà kò sì lè wo ojú rẹ̀ kó sọ pé rárá. Ó ti gbé ìyàwó, ó ti bí ọmọbìnrin kan, síbẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n bá ti ní kó wá, ó ti dìde.

Akunlé yìí mọ Olúwa. Kò pariwo rẹ̀. Ìjọ kan náà lòun àti atúnkẹ̀kẹ́ṣe ń lọ, ẹ̀yìn ló sì máa ń jókòó sí, pẹ̀lú ọ̀dà funfun tí kò tíì tán léèékánná rẹ̀. Òṣùwọ̀n máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé Ọlọ́run á rí i lókèèrè nítorí ọ̀dà yẹn.

"Òórùn ọ̀dà á ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ jẹ́," ló sọ fún un lọ́jọ́ kan. "Wá máa gun kẹ̀kẹ́." Ó ra kẹ̀kẹ́ fún un, ó sì ra ẹ̀rọ fún un, irú tirẹ̀ gan-an. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìfẹ́ tí ìgbéraga bá ń darí lè pa èèyàn.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn méjèèjì gbé kẹ̀kẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù atúnkẹ̀kẹ́ṣe kó lè bá wọn de ẹ̀rọ tuntun náà. Nígbà tó dè é tán, ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù.

"Ẹ gbọ́ o," ló wí. "Irú ẹ̀rọ yìí ò mọ olówó ẹ̀. Ọkàn tó bá kọ́kọ́ gbọ́ nítòsí ló máa dì mú. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ tàn án, ẹ kọ́kọ́ jìnnà síra yín, bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá báyìí. Kí kálukú fi omi tutù bẹ́líìtì ẹ̀, torí bó bá gbẹ, kì í gbọ́ràn. Ìgbà tí ẹ̀rọ kálukú bá ti mú ọkàn tiẹ̀ lẹ tó lè sún mọ́ra."

"Ṣé ìwọ tó ń lẹ táyà ló fẹ́ kọ́ mi ní ìwọ̀n?" ni Òṣùwọ̀n bi í. "Mo ti ń wọ̀n nǹkan kó o tó mọ sípánà dì mú."

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ọ̀rẹ́ mi."

"Èje ló wà lẹ́yìn ẹ̀fà," ni Òṣùwọ̀n wí, ó sì ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde. Àbúrò rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó yíjú padà wo atúnkẹ̀kẹ́ṣe bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń pè é.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Ìsinmi, Òṣùwọ̀n ti dé ẹnu ọ̀nà akunlé kí oòrùn tó gòkè. Aṣọ ìjọsìn ni akunlé ti wọ̀ tán.

"Ẹ̀gbọ́n, ìsìn ńkọ́?"

"Ọlọ́run tó ti ń bẹ láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, ṣé òní ló máa kó kúrò nílé? A ó ti padà dé kí wọ́n tó kọrin tán."

Akunlé lọ bọ́ aṣọ. Wọ́n dúró ní iwájú ilé, èjìká kan èjìká, wọ́n tan ẹ̀rọ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́líìtì akunlé gbẹ, ó sì dẹ̀ díẹ̀ láyà rẹ̀. Kò sí ẹni tó bu omi. Ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, nọ́ńbà jáde lójú ẹ̀rọ méjèèjì.

"O rí i?" ni Òṣùwọ̀n wí. "Ó ti gbé e. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe yẹn àti àsọdùn!"

Wọ́n gba ọ̀nà ẹ̀yìn àwọn ilé iṣẹ́, níbi tí ọkọ̀ kì í ti í pọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Wọ́n kọjá ọgbà tí wọ́n ń kó ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ sí, wọ́n kọjá lórí afárá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè gígùn tó lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe omi ẹ̀rọ fún ìlú. Òṣùwọ̀n kò gbà kí àbúrò òun wà lẹ́yìn tàbí níwájú. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà, kó lè máa wo nọ́ńbà àbúrò rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gun òkè náà dé ìdajì, akunlé sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò jáde tán.

"Ẹ̀gbọ́n, ọkàn mi ò balẹ̀."

Ìwọ tó gbọ́ èdè wa, o mọ bí a ṣe ń lo ọ̀rọ̀ yìí. Bí èèyàn bá ní ọkàn òun kò balẹ̀, ohun tí a máa gbọ́ ni pé ẹ̀rù ń bà á, tàbí pé ó ń ṣàníyàn. Akunlé kò fi ẹnà sọ ọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ egungun àyà rẹ̀ gan-an ló ń sọ. Ó ń fò sókè, ó ń ṣe jágbajàgba, ó kọ̀ kò balẹ̀.

Òṣùwọ̀n gbọ́ ti ẹ̀rù. "Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù? Òkè lásánlàsàn?" Ó na ọrùn, ó wo ojú ẹ̀rọ àbúrò rẹ̀. "Mẹ́rìnlélọ́gọ́fà. Wò ó fúnra rẹ. Ọkàn rẹ balẹ̀ bí omi inú àmù. Ojo lásán ni ẹ́. Tẹ̀ ẹ́, jàre!"

Akunlé wo nọ́ńbà náà. Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó sì tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n dé orí òkè nígbà tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó sì ṣubú sínú koríko láìnawọ́ di nǹkan kan mú.

Òṣùwọ̀n ju kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì í. Obìnrin kan ń bọ̀ láti òkè, nọ́ọ̀sì ni, ibi iṣẹ́ ló ti ń bọ̀, ilé ló ń lọ. Ó sáré dé, ó gbé etí sí ẹnu akunlé, ó fi ìka méjì kan ọrùn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kò mí. Mi ò gbọ́ ọkàn ẹ̀ rárá. Ẹ sún, ẹ jẹ́ n tẹ àyà ẹ̀."

Òṣùwọ̀n di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kẹ̀kẹ́ akunlé wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ojú ẹ̀rọ kọjú sókè. "Má fọwọ́ kàn án! Ṣé ojú ń dùn ẹ́ ni? Ọkàn ẹ̀ ń lù. Ogóje nìyẹn!"

"Ẹ̀gbọ́n, mo ní mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ìka rẹ àti ẹ̀rọ, èwo ni kí n gbà gbọ́?"

Obìnrin náà ń fa ọwọ́ rẹ̀ gbà, Òṣùwọ̀n kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà ń gòkè. Àádọ́jọ. Ọgọ́jọ. "Ó ń bọ̀!" ni Òṣùwọ̀n ń ké. "Ẹ wò ó, ó ń jí bọ̀!" Bẹ́ẹ̀ ni ètè àbúrò rẹ̀ ti dúdú bí aró.

Ọkùnrin méjì tó ń kọjá dúró. Nọ́ọ̀sì pariwo sí wọn pé kí wọ́n gbé e kúrò lọ́rùn òun. Wọ́n gbé e lọ síhà ibi tó ju kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ sí, ó ń ta ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹ̀rọ àbúrò rẹ̀. Wọn kò tíì gbé e rin ìṣísẹ̀ mẹ́ta tí nọ́ńbà fi pòórá. Ìlà kékeré méjì péré ló kù níbẹ̀.

"Ẹ ti pa á!" ló kígbe. "Obìnrin yìí ti pa á!"

Nọ́ọ̀sì ti kúnlẹ̀ ti akunlé. Ó ń tẹ àyà, ó ń kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, òógùn ń kán láti iwájú orí rẹ̀ sára akunlé, títí ọkọ̀ ilé ìwòsàn fi dé. Ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà kan mú Òṣùwọ̀n jókòó. Ó ní ọkàn akunlé ti ní àìsàn tẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ó ní nínú irú ọ̀ràn báyìí, ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. "Ṣé ó sọ pé nǹkan kan ń ṣe òun kó tó ṣubú?"

"Rárá," ni Òṣùwọ̀n wí.

Ohun kan náà ló sọ fún ìyá wọn. Ohun kan náà ló sọ fún ìyàwó akunlé, aránṣọ ni, nígbà tó di aṣọ rẹ̀ mú tó ń bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló sọ kẹ́yìn?" Ó ní kò sọ nǹkan kan.

Wọ́n sin akunlé. Lọ́jọ́ kẹta, Òṣùwọ̀n jókòó, ó kọ ìwé sí ilé ìwòsàn tí nọ́ọ̀sì náà ti ń ṣiṣẹ́. Ó kọ ọ́ pé ọkàn àbúrò òun ń lù, pé ẹ̀rọ jẹ́rìí sí i, àti pé ọwọ́ obìnrin yìí ló pa á. Ilé ìwòsàn ní kí nọ́ọ̀sì lọ jókòó sílé títí wọ́n á fi wádìí ọ̀rọ̀ náà.

Kó lè rí ẹ̀rí tó dájú fún wọn, ó kó ẹ̀rọ méjèèjì sórí tábìlì ilé rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ẹ̀rọ wọ̀nyí máa ń tọ́jú gbogbo nọ́ńbà tí wọ́n bá kà sínú. Ó ṣí ti àbúrò rẹ̀, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló ṣí tirẹ̀, kó lè fi wé e.

Nọ́ńbà kan náà ni. Láti iwájú ilé dé orí afárá, nọ́ńbà kan náà. Lórí òkè, mẹ́rìnlélọ́gọ́fà níbí, mẹ́rìnlélọ́gọ́fà lọ́hùn-ún. Ogóje, àádọ́jọ, ọgọ́jọ, bákan náà. Ti àbúrò rẹ̀ wá dúró níbi tí wọ́n ti gbé òun kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tirẹ̀ ń bá a lọ.

Ọkùnrin tó ti fi ogún ọdún gbé táìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ táìlì kò nílò olùkọ́. Ọkàn òun ni. Ọkàn òun ni ẹ̀rọ àbúrò òun ń kà láti àárọ̀. Òun ló fi ọkàn ara rẹ̀ bú àbúrò rẹ̀ ní ojo. Òun ló di ọwọ́ ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀mí là mú, tó ń yọ̀ pé òkú ń jí, nígbà tó jẹ́ pé ìpayà tirẹ̀ ló ń kà lójú ẹ̀rọ.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ó ya ìwé tó ń kọ nọ́ńbà sí wẹ́wẹ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Níbi iṣẹ́, táìlì tó wọ́ ń gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá sínú páálí, kò rí i. Oúnjẹ kò lọ lọ́fun rẹ̀. Ó mọ̀ pé nọ́ọ̀sì náà wà nílé láìjẹ̀bi ohunkóhun. Lójoojúmọ́ ló ń sọ pé òun máa sọ òótọ́ lọ́la, lójoojúmọ́ sì ni ọ̀la ń jìnnà sí i. Bí irọ́ bá tilẹ̀ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ti Òṣùwọ̀n kò tó ogún ọdún: ilé ìwòsàn kọ̀wé sí i pé kó wá lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, kó wá jẹ́rìí níwájú àwọn tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà, kó sì mú ẹ̀rọ dání.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ó wọ ṣọ́ọ̀bù atúnkẹ̀kẹ́ṣe. Ó gbé ẹ̀rọ méjèèjì lé orí tábìlì iṣẹ́.

"Pa gbogbo ohun tó wà nínú wọn rẹ́."

"Kí ló dé?"

"Pa á rẹ́ ni mo wí."

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe tẹ bọ́tìnì kan, ó tẹ èkejì. Ó rí ọjọ́ náà nínú ẹ̀rọ kan, ó tún rí i nínú èkejì. Nọ́ńbà kan náà ló rí. Ó nu òróró ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́ kúrò lára àwọn ìka rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́," ló wí níkẹyìn, "mo lè pa eléyìí rẹ́. Bọ́tìnì kan ni. Èyí tó wà nínú rẹ ńkọ́? Ta ló máa bá ọ pa ìyẹn rẹ́?"

Òṣùwọ̀n jókòó sórí páálí kan. "Ó sọ fún mi," ló wí. "Ó ní ọkàn òun ò balẹ̀. Mo pè é lójo." Ẹkún gbé e mì. Láti ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ ti kú, kò tíì sunkún. "Ṣé èmi ni mo pa á?"

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe kì í ṣe ẹni tó ń fi oyin ra ọ̀rọ̀. "Bóyá ì bá yè, bóyá kò ní yè, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn ẹ́. Ìgbéraga rẹ ló dí ọ̀nà. Irọ́ rẹ ló sì wà lọ́rùn obìnrin yẹn dòní."

"Kò sí ohun tí mo lè fi tún un ṣe."

"Kò sí. Ìyẹn ni òótọ́ àkọ́kọ́ tó o máa sọ nípa ọkàn rẹ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ẹ́." Ó fa bẹ́ǹṣì sún mọ́ ọn, ó jókòó. "Gbọ́. Lórí òkè yẹn, ẹ̀rọ ka ọkàn alààyè sí ti ẹni tó ń kú lọ. Àṣìṣe ni, ó sì pani. Òkè mìíràn wà lẹ́yìn ìlú kan, tí wọ́n ti kan Ọmọ Ọlọ́run mọ́gi. Níbẹ̀, Ọlọ́run mọ̀ọ́mọ̀ ka ẹ̀ṣẹ̀ tìẹ àti tèmi sí Ọmọ Rẹ̀ lọ́rùn, Ẹni tí kò ṣẹ̀ rí. Ó wá ka òdodo Ọmọ náà sí ti ẹnikẹ́ni tó bá gbà Á gbọ́. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe. Ó mọ ẹni tó ṣẹ̀, Ó sì mọ ẹni tó kú nítorí ẹ̀."

"Àní irú èmi?"

"Irú ìwọ ló wá sí. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ pé kò wá oníṣègùn."

Òṣùwọ̀n, tí kò tíì kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí, kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tó kún fún òróró. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà. "Ọlọ́run," ló wí, "èmi ni. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Kì í ṣe ẹ̀rọ. Èmi ni. Nítorí Jésù, pa á rẹ́." Ìyẹn nìkan ló rí sọ. Ọ̀run kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tó dìde, atúnkẹ̀kẹ́ṣe nawọ́ sí ẹ̀rọ. Òṣùwọ̀n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀," ló wí. "Wọ́n ní kí n mú un wá."

Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè, níwájú àwọn mẹ́rin tó jókòó nídìí tábìlì gígùn, ó ka nọ́ńbà méjèèjì jáde, ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú. Ó sọ bí òun ṣe di ọwọ́ obìnrin náà mú, ó sì sọ bí òun ṣe purọ́. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Nígbà tí Òṣùwọ̀n parí, obìnrin náà bú sẹ́kún, ó ní, "Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi ara mi bóyá èmi ni lóòótọ́." Òṣùwọ̀n dọ̀bálẹ̀ fún un. Obìnrin náà kò ní kó dìde, kò sì ní kó má dìde. Wọ́n dá nọ́ọ̀sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Òṣùwọ̀n gba ibẹ̀ lọ sílé akunlé. Aránṣọ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, aṣọ ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ló ń rán.

"Ó sọ̀rọ̀," ni Òṣùwọ̀n wí. "Ó ní ọkàn òun ò balẹ̀."

Ẹsẹ̀ obìnrin náà dúró. "Ẹ ní kò sọ nǹkan kan."

"Mo purọ́." Ó rò gbogbo rẹ̀ fún un.

Aránṣọ kò pariwo. "Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ẹ jáde." Ó jáde. Títí di ìgbà tí a ń kọ ìtàn yìí, kò tíì sọ pé kó padà wọlé.

Ìyá rẹ̀ gbọ́ tiẹ̀ lórí ìjókòó. Ó ní, "Ọmọ méjì ni mo bí. Ọ̀kan wà nínú ilẹ̀, èkejì ló tì í débẹ̀. Ibo ni kí n fi ọ́ sí báyìí?" Lẹ́yìn èyí ni màmá fa orí rẹ̀ mọ́ra, tí àwọn méjèèjì jọ sunkún.

A kò ní tàn ọ́ pé ìrora ọkùnrin náà ti tán. Kò tán. Àwọn àárọ̀ kan wà tó ṣì ń gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀ lórí òkè. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tó ń jẹ ẹ́ bí kòkòrò ti kúrò, nítorí Ẹnìkan ti gbé e. Ìjókòó ẹ̀yìn nínú ilé ìjọsìn ló ń jókòó sí báyìí, ẹ̀gbẹ́ atúnkẹ̀kẹ́ṣe.

Ìwọ ńkọ́, ìwọ tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́? O lè má ti di ọwọ́ nọ́ọ̀sì kankan mú rí. Ṣùgbọ́n ọkàn ta lò ń kà sí tìrẹ? Ìyàwó rẹ ń gbàdúrà, o sì rò pé ó tó fún ìwọ náà. Bàbá rẹ jẹ́ alàgbà nínú ìjọ, o sì ń fi orúkọ rẹ̀ rìn. O jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó mọ Ọlọ́run, o bá wọn kọrin, o rí i pé gbogbo nǹkan dára lójú ẹ̀rọ. Ọ̀rẹ́, bí wọ́n bá gbé ọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lónìí, kí ló máa kù lójú ẹ̀rọ náà?

Ọlọ́run kì í ka ọkàn aládùúgbò mọ́ ti ẹnikẹ́ni. Tìrẹ gan-an ló ń wò, bó ṣe rí. Ó rí irọ́ tó o fi pamọ́. Ó mọ orúkọ ẹni tó ń jìyà nítorí rẹ. Síbẹ̀ Ó ń pè ọ́, nítorí Jésù ti kú fún irú rẹ, Ó sì ti jíǹde. Jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún Un níbi tó o wà yìí. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ, sọ pé, "Èmi ni." Ó máa gbọ́. Lẹ́yìn náà, dìde, lọ bá ẹni tó o ṣẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè tì ọ́ síta.

Má ṣe sún un síwájú. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi yẹn, akunlé gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì láìmu tán, ó ní kí ọmọ òun má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà á nù, òun ń bọ̀. Ó ti ṣètò ọkàn tirẹ̀ pẹ̀lú Olúwa ṣáájú ọjọ́ náà. Ìwọ kò tíì ṣe é.

Má sọ fún Jésù pé o ń bọ̀. Wá.